Búrẹ́dì Tí Kò Bu

Ohun tí bàbá kan ṣe fún màmá mi kò gba ariwo. Ó kàn ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá búrẹ́dì sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Màmá mi ní ilé búrẹ́dì kékeré kan ní Iléṣà, ààrò kan, òṣìṣẹ́ mẹ́ta. Bàbá náà ní tirẹ̀ ní òdìkejì títì, ó sì tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wa, ìyẹn ni pé máìkì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ń kọ́ wa pé ara wa ni tẹ́ḿpìlì Ọlọ́run. Ló bá fa ọ̀rá búrẹ́dì màmá mi yọ lápò, ó gbé awò sójú, ó ń kà á bí ẹni ń ka ẹ̀sùn fún ọ̀daràn.

"Fùláwà. Ṣúgà. Iyọ̀. Yíìsì. Kálísíọ́ọ̀mù pùropíónéètì." Ó gbójú sókè wò wá. "Ẹ̀yin ará, ta ni nínú yín tí ìyá rẹ̀ fi pùropíónéètì tọ́ dàgbà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà màmá mi sá, kò tó oṣù kan tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta fi di ẹyọ kan. Ní ti bàbá náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ọ̀rá tirẹ̀ pé KÒ NÍ KẸ́MÍKÀ KANKAN. Omi pàápàá kẹ́míkà ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìmọ̀ nípa oúnjẹ ni mo kà ní yunifásítì. Ìjọba mọ rírì rẹ̀: wọ́n fi mí sí ọ́fíìsì ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀ kí n máa gbé fáìlì láti orí tábìlì kan lọ sórí èkejì. Ohun tí mo mọ̀ nípa pùropíónéètì kò lọ títí. Kì í jẹ́ kí búrẹ́dì tètè bu, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i, inú wa pàápàá sì ń ṣe irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà wa fi iyọ̀ àti èéfín tọ́jú ẹja, wọ́n fi káún se ẹ̀wà. Kò sẹ́ni tó ka orúkọ káún sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì rí. Bùrómeètì, tí àwọn kan fi ń mú búrẹ́dì wú, ni ìjọba fi òfin dè, màmá mi ò sì jẹ́ fọwọ́ kàn án.

Mo lè ṣàlàyé gbogbo èyí fún ìjọ. Àlàyé kọ́ ló wù mí. Ẹ̀san ló wù mí.

Nígbà tí ìkórè dé, bàbá náà gbé búrẹ́dì kan tó tó ìrọ̀rí wá síwájú pẹpẹ. Wọ́n ń ta ẹrù ìkórè, mo rà á, mo gbé e lọ sí yàrá mi ní Òkè Baálẹ̀, l'Óṣogbo. Màmá mi ti bá mi ṣe kékeré kan tí kò fi pùropíónéètì sí. Mo gbé méjèèjì sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ń ṣọ́ wọn bí ìyàwó ṣe ń ṣọ́ fóònù ọkọ. Òjò ń rọ̀, ara ògiri tutù. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, ti màmá mi ti hu irun aláwọ̀ ewé. Ti bàbá ń dán. Ní ọjọ́ kẹjọ, tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi, ó ṣì ń dán. Mo gbé e wọ mọ́tò Iléṣà.

Ní àkókò ìjẹ́rìí, mo bọ́ síwájú, mo gbé búrẹ́dì sókè.

"Ẹ bá mi yin Olúwa. Búrẹ́dì ìkórè alàgbà wa rèé, ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ lónìí. Kò ní kẹ́míkà kankan, ó wà lára ọ̀rá. Kò sì bu."

Mo rò pé wọn yóò fura. Mo gbàgbé ibi tí mo wà. Halelúyà ni wọ́n fi bò mí mọ́lẹ̀. Bàbá náà dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun kì í po fùláwà láìgbàdúrà lé e lórí. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbẹ́ kòtò tí ọ̀tá fi ṣe kànga.

Ìyá àgbà kan tí orúnkún ń yọ lẹ́nu ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi bù díẹ̀ níbẹ̀, torí orúnkún mi." Ẹlòmíì ní kí wọ́n bù fún ọmọ òun tó wà ní ọsibítù. Pásítọ̀ wá ní kí wọ́n gbé e sórí pẹpẹ, kí alàgbà fúnra rẹ̀ gbàdúrà sí i, kí ó pín in fún àwọn aláìsàn ní orúkọ Olúwa.

Bàbá náà gbé ọwọ́ lé búrẹ́dì. Mo rò pé yóò pín in. Àṣé ó bẹ̀rù Ọlọ́run ju bí mo ṣe rò lọ.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Nǹkan díẹ̀ wà tí a máa ń pò mọ́ ọn, kí ó má baà bu."

"Nǹkan wo?"

"Èyí tí mo kà lọ́jọ́sí."

Ìyá àgbà yẹn yíjú sí mi. "Ìwọ akọ̀wé, ṣé ó lè pa èèyàn?"

Rárá ni ìdáhùn, ọ̀rọ̀ kan péré. Mo ní, "Màmá, ẹ bi ẹni tó fi sí i," mo sì lọ jókòó.

Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo àdúgbò padà sídìí iṣu sísè láàárọ̀. Wọn ò ra ti bàbá, wọn ò ra ti màmá mi. Ìdí ààrò tó tutù ni màmá mi ti bi mí léèrè.

"Ṣé nǹkan yìí lè pa èèyàn?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Nígbà tó kan ẹ̀yin, ta ló sọ?"

"Ìwọ ti jẹ ẹ̀san yó. Èmi ńkọ́? Ààrò mi ò gbóná láti ọjọ́ Ajé. Padà lọ sọ ọ́."

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo tún bọ́ síwájú. Mo sọ ti iyọ̀, mo sọ ti èéfín àti káún, mo ní ìwọ̀n ni ohun gbogbo, mo ní ohun tó wà nínú búrẹ́dì màmá mi kò ní pa ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ lọ jókòó, màmá mi wò mí. Mo mọ ohun tí ìwò náà ń wí. Mo kọjú sí bàbá.

"Ohun kan náà ló wà nínú ti alàgbà. Òun náà ò lè pa yín. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: màmá mi kọ tiẹ̀ sára ọ̀rá."

Kò sẹ́ni tó ké halelúyà. Ní ọjọ́ Ajé, iná ti wà nínú ààrò màmá mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá náà ránṣẹ́ sí mi pé òun fẹ́ tẹ ọ̀rá tuntun, kí n bá òun kọ orúkọ nǹkan náà sílẹ̀, kí òun má baà ṣì í kọ. Mo ní ó wà lára ọ̀rá màmá mi. Kí ó sọdá títì, kí ó wá ra ẹyọ kan.