Abdulganiyy Oníbúrẹ́dì àti Obì Ẹnu Rẹ̀

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà ni Abdulganiyy, oníbúrẹ́dì Ìgàndò, jẹ mí lórí fúláwà. Búrẹ́dì rẹ̀ kò tà. Àwọn tó ń bá a gbé e kiri ní kò dùn. Ó pè wọ́n ní ọ̀lẹ, ó lé wọn. Ọ̀gá amọ̀mọ̀tán! Àràárọ̀ ló ń fi ẹnu tó kún fún obì tọ́ ọ wò, bẹ́ẹ̀ omi lásán pàápàá máa ń dùn lẹ́yìn obì. Á ní ó dùn jù, kí àwọn tó ń pò ó dín ṣúgà kù.

"Bàbá Hamdalah," ìyàwó rẹ̀ ní, "ẹ tu obì yẹn, kí ẹ fọnu, kí ẹ wá tọ́ ọ wò!"

Ó fọnu, ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro. "Ta ló ba búrẹ́dì yìí jẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, jàre!"

Ó dá ṣúgà padà, ó bẹ àwọn tó lé, búrẹ́dì tún ń tà. Ó ti san ìdajì owó mi. Mo ń dúró de ìyókù; n kò ta fúláwà fún un láwìn mọ́.