Pátákó Baba Ó-Kù-Díẹ̀

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin, èèyàn mọ́kànlélógójì wọ inú igbó tí ìjọba dá sí, láti lọ wo òdòdó ìgbà ìrúwé àti omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Gbogbo wọn ló jáde pẹ̀lú òdòdó lápá.

Wọn kì í ṣe olè. Pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló rán wọn níṣẹ́. Afinimọ̀nà igbó náà, olóògbé tí gbogbo èèyàn ń pè ní Baba Ó-Kù-Díẹ̀, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀dà pupa, ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: E MA JA ODODO. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí ẹnikẹ́ni má já òdòdó. Ṣùgbọ́n kò fi àmì ohùn kankan sí i, nítorí náà ohun tí àwọn àlejò kà ni pé kí àwọn máa já a. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Wọ́n já a.

Ìbá má burú tó bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé baba máa ń wẹ̀yìn. Baba kì í wẹ̀yìn. Iwájú ló máa ń wà, tí yóò máa sọ ìtàn bí òun ṣe fi igi kan ṣoṣo dá omi tó kún padà, ìtàn tí igi inú rẹ̀ ń tóbi sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n dé ìdí omi, ó dijú, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń bá àpáta sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ara àpáta yẹn, níbi tí omi ń ta sí, nìkan ni òdòdó aró ń hù ní gbogbo igbó náà. Nígbà tí baba lajú, àpáta ti di apárí.

Ní ọ́fíìsì ẹnu ọ̀nà, ọ̀gá igbó, obìnrin tí kì í pariwo, pariwo.

"Baba, kí lẹ kọ sórí pátákó?"

"Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n má já òdòdó."

Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ gbá òdòdó tirẹ̀ mọ́ra bí ọmọ tuntun. "Ẹ má purọ́ mọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo kà á sókè fún gbogbo ẹgbẹ́ wa. 'Ẹ máa já òdòdó.' Mo tilẹ̀ ní ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ ò kà á dáadáa ni, ìyá."

"Èmi? Èmi tí mo fi ìwé kíkà jẹun!"

"Ẹ ò fi ìbínú kà á," ni baba wí. "Ìbínú ni mo fi kọ ọ́."

Òdòdó aró kì í pẹ́ láyé. Lọ́dọọdún ló ń kú, èso tó bá já bọ́ sílẹ̀ ló ń hù lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n bá sì já kò ní so mọ́. Mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù, ní kọ̀rọ̀ àpáta tí ọwọ́ ò tó. Ọ̀gá sọ ọ́ ní ṣókí: bí òdòdó aró ò bá padà wá ní ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀, òun yóò ti ọ̀nà tó lọ sí ìdí omi pa. Ọ̀nà omi yẹn nìkan ni baba ń fini mọ̀. Bí wọ́n bá tì í, arúgbó tó ń dá sọ̀rọ̀ nínú igbó ni yóò kù.

"Ẹ fi àmì sí pátákó yẹn, Baba. Orí 'ma' yẹn ṣá."

"Àmì? Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń wá síbí ni? Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí mo wí."

"Wọ́n gbọ́ Yorùbá, Baba. Ohun tó bà wá jẹ́ nìyẹn."

Kò fi àmì sí i. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kan pátákó kejì mọ́ ìdí omi láti fi lé àwọn èèyàn jìnnà sí àpáta: E MA SUN MO ETI OMI. Lọ́jọ́ kejì, tọkọtaya kan gbé ẹní àti ìrọ̀rí wá. Wọ́n sùn fọnfọn. Nígbà tí baba jí wọn, ọkọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn ò rí igbó tó ń ṣaájò àlejò báyìí rí.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é náà, ẹnu ara rẹ̀ ló fi fà á. Bí èèyàn bá béèrè bí omi ṣe jìnnà tó, èsì kan ló ní: "Ó kù díẹ̀." Ó máa ń sọ ọ́ lẹ́nu géètì, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Lọ́jọ́ kan, télọ̀ kan tó sanra jókòó sórí kùkùté igi, ó ní òun ò lọ mọ́.

"Díẹ̀ wo, Baba? Láti àárọ̀ la ti ń rin díẹ̀ yìí."

"Èyí tẹ́ ẹ ti rìn yẹn, díẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ ni. Díẹ̀ gidi ló wá kù báyìí."

"Ẹ wọ̀n ọ́n kí n rí i."

"Ìwọ télọ̀ yìí! Láti ọdún tó kọjá lo ti ń sọ fún ìyàwó mi pé aṣọ rẹ̀ kù díẹ̀. Ṣé mo ní kó o wọ̀n ọ́n?"

Télọ̀ dìde, ó ń rìn lọ.

Ní ti orúkọ òdòdó, baba ò mọ ẹyọ kan. Akọ̀wé báńkì kan nawọ́ sí òdòdó funfun kan, ó béèrè ohun tí wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀ ń dun baba lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Kò kàn ọ́." Obìnrin náà dúpẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, ó sì kígbe láti òkèèrè: "Ẹ wá wò ó o, kòkànọ́ ti tanná!" Baba ò já a nírọ́. Ó ní ti ọdún yìí tilẹ̀ kéré.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó kàwé gboyè nípa ewéko tí kò sì tíì ríṣẹ́, gbìyànjú láti tún un ṣe.

"Baba, òdòdó yìí ní orúkọ gidi o."

"Ṣé ó ń dáhùn bí wọ́n bá fi pè é?"

"Rárá."

"Kòkànọ́ náà kì í dáhùn. Ọ̀mì ni."

Ọmọ yìí kan náà ló gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì wá sí ìdí pátákó lẹ́yìn tí ọ̀gá ti dájọ́. "Ẹ jẹ́ kí n fi àmì sí i, Baba. Ìlà kékeré kan ni."

"Gbé e kúrò."

"Kí ló dé? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ti ọ̀nà yín pa ni?"

Baba wo pátákó náà títí. "Bó o bá fi àmì sí i, tó bá ń sọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ máa fi mí ṣe níbí?"

 Ọmọ náà dé ọ̀dà rẹ̀, ó gbé e lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, baba fúnra rẹ̀ di àmì ohùn. Láràárọ̀ ló ń dúró ti pátákó, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá láìkà á lẹ́yìn òun.

"Má! Ohùn òkè! Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

"Má," ni àwọn àgbàlagbà tó níyì ń wí.

"Ẹ̀yin alágbádá tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, n ò gbọ́ tiyín."

"Má!"

Adájọ́ kan wí i lábẹ́ ẹnu. Baba dá a padà sẹ́yìn, ó ní kó tún un wí. Ewúrẹ́ tó ń jẹko lẹ́yìn ọgbà bá wọn dá sí i, baba sì ní ewúrẹ́ náà nìkan ló wí i dáadáa.

Òjò rọ̀, ó dúró síbẹ̀. Ikọ́ dé, ó ń fi ikọ́ pe ohùn òkè. Ẹnikẹ́ni ò já òdòdó mọ́. Àwọn mẹ́ta tó ṣẹ́kù gbó sórí igi wọn, wọ́n so, èso wọn sì já bọ́ sára àpáta. Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, wọ́n gbé baba dé ilé ìwòsàn.

"Báwo lara, Baba?" ni ọmọ àbúrò rẹ̀ béèrè.

"Ó kù díẹ̀."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, baba ti lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí díẹ̀ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó igbó náà, tó kún fún àwọn tó gboyè, lẹ ìkéde ikú rẹ̀ mọ́ géètì: BABA O KU DIE O KU. Kò sí ẹyọ àmì kan lórí rẹ̀. Àlejò kan kà á, ó wá sójú fèrèsé ọ́fíìsì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù?" 

Nígbà tí ìgbà ìrúwé dé, ọ̀gá àti ọmọ àbúrò baba jọ rìn lọ sí ìdí omi. Ọ̀nà náà gùn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Irun ti hù lórí àpáta. Òdòdó aró wà lápá òsì, ó wà nínú pàlàpálá, ó tilẹ̀ wà níbi tí kò hù sí rí.

Ọ̀gá wò ó. "Ó kù díẹ̀ kó kún bíi ti tẹ́lẹ̀," ló wí. Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

Wọn ò ti ọ̀nà náà pa. Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan pátákó baba, kó wà bó ṣe wà. Ilé iṣẹ́ kò sì gba ẹnikẹ́ni sípò rẹ̀. Wọ́n ní kò sí àyè. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń dúró ti pátákó yẹn mọ́, ọ̀dà pupa náà sì ṣì ń dán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá débẹ̀, ẹ dúró. Ẹ kà á sókè. Ẹ fi ìbínú kà á. Ẹ má já a.