Wẹ́dà Tó Ń Sé Èémí Nínú Omi

Ẹja Gbígbẹ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó tín-ín-rín, àmọ́ èjìká rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà tán, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí irin tó ń jó. Omi ló sọ ọ́ lórúkọ. Ìdíje kan wà tí wọ́n máa ń ṣe létí adágún lọ́dọọdún, tí èèyàn á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, tí á jáde gun kẹ̀kẹ́, tí á sì fi ẹsẹ̀ sáré parí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lọ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì làwọn adóòlà ẹ̀mí fi ọkọ̀ ojú omi gbé e jáde kó tó lúwẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ní ẹja tí omi ò gbà, kí ló kù fún un ju kó gbẹ lọ.

Ohun tó ń dùn ún ni pé ìyókù ìdíje náà kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń gùn bọ̀, ogún kìlómítà lójúmọ́, kò sì ní mí hẹlẹ. Tó bá di ti ká sáré, ẹ bi àwọn ajá àdúgbò rẹ̀, wọ́n ti dẹ́kun lílé e. Ṣùgbọ́n ta ni kẹ̀kẹ́ máa wúlò fún nígbà tónítọ̀hún ò tíì jáde nínú omi? Nínú ìdíje méjèèjì ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin níbi tí wọ́n ń to kẹ̀kẹ́ sí, tí àwọn yòókù ń lọ lójú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ta bàtà nílé ìtajà ńlá kan, wà létí omi lọ́dún kejì. Ó rí i bí wọ́n ṣe tẹ́ ọkọ rẹ̀ sórí iyanrìn, tí ojú rẹ̀ rí bí eérú. Ó mú un délé. Ó se omi gbígbóná fún un, ọkọ wẹ̀, ó jẹun, ìgbà yẹn ni obìnrin náà tó jókòó tì í.

"Bàbá wọn, mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ mọ́. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá tún gbé yín jáde nínú omi yẹn, ó parí nìyẹn. Mi ò lè tún dúró létí omi kí n máa wò bóyá ọkọ mi ṣì ń mí."

Ọkọ ní ó dáa. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lé e lórí bí ẹni tó ń ra ilẹ̀. Bí ọkùnrin yìí bá sì ti ní ó dáa, ó dáa náà nìyẹn, àwọn oníbàárà rẹ̀ lè jẹ́rìí. Ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún òun.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ló lọ bá ìyá àgbàlagbà kan ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ ìjọba tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ. Ọgbọ̀n ọdún nìyá yìí fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìlúwẹ̀ẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, fèrè kò sì fìgbà kan kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Màmá Fèrè. Ó ní kí wẹ́dà lúwẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kóun wò ó. Nígbà tó débi ògiri lódì kejì, tó ń gbé ẹnu sókè wá afẹ́fẹ́, ìyá bi í bóyá ẹnì kan ló ń lé e. Lẹ́yìn náà ló ní kó máa wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí.

Àwọn ìyá àgbà méjì kan wà tí dókítà ní kí wọ́n máa wá lúwẹ̀ẹ́ nítorí eékún. Ọ̀nà omi kan náà, láàárín okùn méjì, ni wọ́n fi àwọn àti wẹ́dà sí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú inú wò ó. Àwọn ìyá wọ̀nyí á máa sọ̀rọ̀ àwọn àna wọn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí omi, wọ́n á kọjá lára wẹ́dà, wọ́n á dé ògiri, wọ́n á padà wá pàdé rẹ̀ lójú kan náà, ọ̀rọ̀ àna ò sì ní tíì tán. Ìtìjú bá a débi pé ó ń mọ̀ ọ́n lára. Síbẹ̀, kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Odò ìlúwẹ̀ẹ́ náà gùn tó mítà márùn-dín-lọ́gbọ̀n. Ìlúwẹ̀ẹ́ ìdíje jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ mítà, tó túmọ̀ sí pé ó ní láti là á já nígbà ọgọ́ta. Ìgbà méjì péré ló ń là á kí èémí tó tán nínú rẹ̀. Màmá Fèrè tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, ó ní kó rẹ orí sílẹ̀, ó ní kó máa yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ mí. Wẹ́dà ṣe gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é. Oṣù méjì kọjá, ìgbà méjì náà ò kúrò ní méjì. Ìyá wá sọ fún un láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti dáa, ohun tó kù ò yé òun.

Ibi tọ́rọ̀ wà lẹnìkan ò rò dé. Géètì ilé Màmá Fèrè ló yọ lára òpó, ìyá sì fi ọkọ̀ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wẹ́dà bo ojú, ó ní kí màmá wo ẹ̀gbẹ́ kan nítorí iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin. Ìyá yíjú kúrò lára iná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wẹ́dà ló tẹjú mọ́. Ẹ̀yìn náà ò mì. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó kà á dé ogójì kí ìlà ìjórin náà tó parí, kí wẹ́dà tó ṣí ìbòjú sókè, kó sì mí kanlẹ̀. Ìyá ní kó jó òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láàárín èjìká, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù sì dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wòran.

"Ọ̀gá wẹ́dà," ló wí, "ẹ kì í mí."

Wẹ́dà ní ta ló ń mí nídìí irin? Èéfín wà níbẹ̀, ọwọ́ á sì gbọ̀n tí èèyàn bá mí. Bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe kọ́ ọ nìyẹn láti bí ọgbọ̀n ọdún: kó o sé èémí, kó o fa ìlà rẹ dópin, kó o tó mí. Tó bá mí láàárín ìlà, ọ̀gá á gbá a lọ́rùn. Ó bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ làwọn náà ń ṣe. Kò sí èyí tó tíì rò ó rí.

"Ohun tẹ́ ẹ ń ṣe nínú omi náà nìyẹn," ìyá dá a lóhùn. "Tẹ́ ẹ bá ti ki ojú bọmi, ara yín á rò pé iná ti tàn. Ẹ ò mí síta rárá. Èyí tó ti bàjẹ́ ló kún inú yín, ẹ wá ń wá ibi tẹ́ ẹ máa fi tuntun sí."

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó lórí àpótí irinṣẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó rí i pé ohun tó ń bọ́ òun láti ọjọ́ yìí wá náà ló fẹ́ẹ̀ pa òun lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá Fèrè ní ibi tó ti kọ́ àṣà náà ni kó ti gbàgbé rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti ń jó irin, á rọra máa fẹ́ èémí síta lábẹ́ ìbòjú, fúú, bí ẹni tó ń fẹ́ tíì tútù. Iṣẹ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìlà rẹ̀ wọ́ bí ipa ìgbín. Oníbàárà kan gbé férémù fèrèsé padà wá, ó béèrè bóyá ẹni tó jó o ń tòògbé ni. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kó fi omi sílẹ̀ kó gbájú mọ́ iṣẹ́. Ó bẹ ọ̀gá, ó lọ férémù náà dán, ó sì tún un jó láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Nílé, á bomi sínú bàsíà, á ki ojú bọ̀ ọ́, á máa fẹ́ èémí sínú rẹ̀, gbọ́lọ́gbọ́lọ́. Ìyàwó rẹ̀ á máa gbọ́ ọ láti yàrá kejì.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó la odò ìlúwẹ̀ẹ́ já nígbà mẹ́wàá láìdúró. Lẹ́yìn náà ó di ogún. Lọ́jọ́ tó pé ọgọ́ta, àwọn ìyá eléékún méjèèjì pàtẹ́wọ́ fún un, èyí tó dàgbà jù sì ní òun ti mọ̀ látilẹ̀ pé ó máa ṣe é, irọ́ gbuu ni. Ó yíjú sí Màmá Fèrè, ó ń retí ọ̀rọ̀ dídùn. Ìyá ní kó wá sí adágún ní Sátidé, ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ó tọ̀nà. Ìlà dúdú wà nísàlẹ̀ odò ìlúwẹ̀ẹ́ tó ń tọ́ èèyàn sọ́nà, ògiri sì wà tí èèyàn lè fẹsẹ̀ tì. Nínú adágún, omi pupa rẹ́súrẹ́sú, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lúwẹ̀ẹ́ tagbáratagbára, nígbà tó gbórí sókè, ibi tó ti wọ omi ló kọjú sí. Màmá Fèrè mú un padà sódò ìlúwẹ̀ẹ́, ó ní kó di ojú lúwẹ̀ẹ́, gbogbo ìgbà ló sì ń kọlu okùn tó wà lápá òsì. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń lu òòlù láti kékeré ló ń ti òsì lọ. Ìyá ní kó máa yọ ojú nìkan lómi lẹ́yìn ìgbà mẹ́jọ tó bá fọwọ́ fa omi, kó má sì wo àwọn ike ńlá tó léfòó tí wọ́n fi sàmì sọ́nà, nítorí ìgbì á bò wọ́n. Táńkì omi tó wà lórí òkè lódì kejì ni kó máa wò. Ó tún ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì mìíràn máa lúwẹ̀ẹ́ lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀, kí wọ́n máa fi ìgúnpá gbá a, torí kò sẹ́ni tó máa yà fún un lọ́jọ́ ìdíje.

Ọjọ́ náà pé. Ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì aṣọ gbígbẹ dání, kò jókòó. Àwọn alábòójútó ṣàlàyé pé ẹni tí kò bá jáde nínú omi láàárín àádọ́ta ìṣẹ́jú kò ní gun kẹ̀kẹ́. Fèrè dún, èèyàn bí igba rọ́ wọ omi. Wẹ́dà dúró sẹ́yìn kí àwọn oníkánjú kọjá, ó sì ki ojú bọ̀ ọ́. Ó ń fẹ́ èémí síta, ó ń wo táńkì, ó ń fa omi. Ó kọjá ike kìíní. Ó kọjá ibi tí wọ́n ti gbé e jáde lọ́dún kìíní, ó kọjá ti ọdún kejì, inú rẹ̀ sì dùn dọ́ba.

Nídìí ike kẹta ni gìgísẹ̀ ẹnì kan ti bà á lójú. Awò tó fi bo ojú lómi já lọ, omi gba imú rẹ̀, ara rẹ̀ sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún: ó sé èémí. Ó rì díẹ̀, ó yọ, ó ya ẹnu, nǹkan kan ò wọlé. Ọkọ̀ adóòlà kan ò ju mítà mẹ́wàá lọ. Ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ ti gbé àjẹ̀ bọmi, ó ní, "Bàbá, ṣé kí n máa bọ̀?"

Kó ṣáà gbé ọwọ́ sókè ni, ọkọ̀ á gbé e. Ẹ̀rù bà á gan-an, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Ó yí padà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, ó kọjú sí ọ̀run, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ èémí síta títí inú rẹ̀ fi ṣófo. Afẹ́fẹ́ tuntun wọlé fúnra rẹ̀. Ó tún ṣe é. Àwọn yòókù ń kọjá lọ, ó ń gbọ́ ariwo ọwọ́ wọn lórí omi, ó sì mọ̀ pé inú àádọ́ta ìṣẹ́jú òun ni gbogbo èyí ti ń lọ. Kò kánjú. Ó mí nígbà ogún, ó ní kí ọlọ́kọ̀ má ṣèyọnu, ó dojú dé, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ láìsí awò. Ọkọ̀ náà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọlọ́pàá. Kò bojú wò ó.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan iyanrìn, ó dìde. Ojú rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló fi rìn jáde. Alábòójútó kan pàdé rẹ̀, ó fi aago hàn án tàánútàánú. Ìṣẹ́jú mẹ́tàléláàádọ́ta. Alábòójútó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn nọ́ńbà ìdíje kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀ wẹ́dà.

Wẹ́dà jókòó sórí iyanrìn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wẹ́dà ò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá wọn, ó parí. Mo ti bá ẹ ṣèlérí."

"Kí ló parí?"

"Mo fi ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ́."

Obìnrin náà wo ojú omi, níbi tí adóòlà ti ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lófìfo bọ̀ wá sétí omi. Ó nawọ́ sí ọkọ̀ náà.

"Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo bá yín sọ," ló wí. "Mi ò bá yín sọ̀rọ̀ aago."

Wẹ́dà bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn, ó fún un láṣọ, ó sì ní kó dìde kí wọ́n lọ gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kó gùn ún délé.