Ọjọ́ Tí Góòlù Bá Bàbá Àgbà Níbi Àlùwàlá

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí Bàbá àgbà ti Òkè-Oyì wá kí wa nílé wa ní àdúgbò Ṣàngó.

Màmá mi ń sin ológbò òyìnbó, ó ń ta ọmọ wọn. Góòlù, tí ń bí àwọn ọmọ náà, ní àmì dúdú tótòtó lára bí ẹkùn, ó sì fẹ́ràn omi bíi pẹ́pẹ́yẹ. Kò sí ẹni tó sọ fún Bàbá àgbà.

Bí wọ́n ṣe gbé omi àlùwàlá kalẹ̀, Góòlù já wọlé, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́, ó sì ń mu omi. Ká tó mọ̀, Bàbá àgbà ti wà lórí tábìlì.

Màmá fẹ́ da omi náà nù.

Bàbá àgbà sọ̀kalẹ̀. "Má dà á nù. Omi tí ológbò bá mu kì í di nàjísì, mímọ́ ni."

Màmá ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ pé ológbò ni, ẹ wá gun tábìlì?"

Bàbá àgbà ti ń fọ ọwọ́. "Wàláì, èmi mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ni kò mọ̀."