Mi Ò Fẹ́ Rí Wọn

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbogbo òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ìlú náà ló máa ń tò sórí bẹ́ǹṣì gígùn iwájú ilé ìwòsàn láti aago mẹ́jọ àárọ̀, kí wọ́n lè wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, kí wọ́n sì fi ojú wọn ara wọn: ta ló ti rù, ọmọ ta ni kì í pe bàbá rẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn yẹn gan-an kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọge tó gba ipò rẹ̀ sì ń fi nọ́ńbà pè é bí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Ó ń dùn ún, kò sì purọ́ pé kò dun òun. Ọkọ rẹ̀, Atẹ̀wé, tó fi ọgbọ̀n ọdún tẹ ìwé fún ìjọba, jókòó jẹ́ẹ́, ó ń ka bébà àná.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé Dẹ́rẹ́bà ń lọ.

"Ọjọ́ Ẹtì ni," Télọ̀, obìnrin tó jókòó tì wọ́n, ló wí bẹ́ẹ̀. "Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wá mú un. Wọ́n ń ta ilé. Etí bàbá yẹn ti di pátápátá, ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀ níbí? Ó dìgbà kan ná o."

Atẹ̀wé ṣí bébà sí ojú ìwé kejì, ṣùgbọ́n kò kà á.

Ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni òun àti Dẹ́rẹ́bà. Ní aago mẹ́rin gbogbo ọjọ́, wọ́n á ta dráfù níwájú ilé Dẹ́rẹ́bà títí ilẹ̀ á fi ṣú, èébú wọn á sì pọ̀ ju ayò tí wọ́n ń ta lọ. Àfi ìgbà tí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì fẹ́ yan alága, ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Atẹ̀wé du ipò náà, Dẹ́rẹ́bà sì nawọ́ sókè fún ẹlòmíì. Wọ́n bi í pé kí ló dé. "Ta ni? Eléyìí?" ló wí. "Ẹ fi í ṣe alága, kí ẹ má ráyè sọ̀rọ̀ mọ́ láyé!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Atẹ̀wé gbé fìlà rẹ̀, ó jáde, kò sì tẹ ẹsẹ̀ bọ ojúde Dẹ́rẹ́bà mọ́. Àgbà méjì, ẹ wo nǹkan!

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: kò sẹ́ni tí ìjà yẹn ṣe lóore bíi Nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì, dráfù ló ń bá du ọkọ. Oṣù mẹ́ta yìí ni ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó tì í lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ó ń bá a ṣa ìrẹsì, tí wọ́n jọ ń gbọ́ rédíò. Ó ń bá a kẹ́dùn lójú, ó ń dúpẹ́ nínú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Atẹ̀wé nu bàtà rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó sì tún bọ́ ọ sílẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, bá mi lọ sọ́dọ̀ Dẹ́rẹ́bà. Bi í bóyá mo lè wá kí i kó tó lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò lọ fúnra yín?"

"Tó bá lé mi ńkọ́? Níṣojú ọmọ ẹ̀? Mi ò lè gbà á, yóò pa mí."

Ó lọ. Àwọn ọkùnrin méjì kan dúró lẹ́bàá ògiri ilé náà, wọ́n ń fi téèpù wọn fèrèsé. Ọmọ Dẹ́rẹ́bà jáde, ó kúnlẹ̀, ó gba iṣẹ́ tí wọ́n rán Nọ́ọ̀sì, ó wọlé. Nọ́ọ̀sì gbọ́ tó ń pariwo sí bàbá rẹ̀ létí, kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìgbà náà ni ohùn Dẹ́rẹ́bà bú jáde láti inú yàrá: "Mi ò fẹ́ rí wọn! Kí wọ́n máa lọ!"

Ọmọ náà yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì í. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jókòó, mo ń bọ̀." Ó tún wọlé.

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Nọ́ọ̀sì kò béèrè, kò sì jókòó. Ó káṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó gba ilé lọ.

"Ó ní òun ò fẹ́ rí yín," ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

Atẹ̀wé ní, "Ó dáa." Ó lọ gbé bàtà náà padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́rú, ó sọ̀rọ̀ Dẹ́rẹ́bà láìdáa títí alága fi ní kó jókòó. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n lọ kí aládùúgbò kan tí ọmọ rẹ̀ ríṣẹ́, ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà débẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ kan tó di ẹrù kún orí kọjá lójúde wọn, ó dẹwọ́ eré. Atẹ̀wé dìde kúrò nídìí ìrẹsì, ó wọlé lọ yí rédíò sókè gan-an. Ọkọ̀ lọ. Ọkàn Nọ́ọ̀sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, fóònù rẹ̀ dún. Ọmọ Dẹ́rẹ́bà ni.

"Mà, a ti dé. Bàbá ní kí n má pè yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Kí ló dé tí ọkọ yín ò fi wá?"

"Ṣebí etí mi báyìí ló gbọ́ ọ, tí bàbá ní àwọn ò fẹ́ rí wọn?"

"Àwọn tó wá wọn ilé mà! Àwọn ni bàbá ń lé! Nígbà tí mo padà jáde láti sọ fún yín pé kí wọ́n máa bọ̀, ẹ ti lọ. Mo rò pé ẹ lọ pè wọ́n ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mà, ẹnu ọ̀nà ni bàbá jókòó sí, tí ọpọ́n dráfù wà lórí itan wọn. A tiẹ̀ dẹwọ́ eré níwájú ilé yín. Wọ́n ní kí n má dúró mọ́."

Nọ́ọ̀sì ìbá gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó gbìyànjú rẹ̀ títí di ọ̀sán, kò lọ. Ó sọ ọ́.

Atẹ̀wé wò ó. "Kí ló sọ gan-an lọ́jọ́ yẹn?"

"'Mi ò fẹ́ rí wọn.'"

"Wọn? Dẹ́rẹ́bà tó ń pè mí ní dìndìnrìn láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, òun ló máa pè mí ní 'wọn'? Ká ní èmi ni, 'mi ò fẹ́ rí i' ló máa wí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀!"

Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò dúró?"

"Mi ò fẹ́ kí ẹ padà síbẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ẹ máa jókòó tì mí."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Atẹ̀wé pe fóònù náà padà. Ó ń dún, ẹnikẹ́ni ò gbé e.

Lọ́jọ́ Àìkú, Télọ̀ yà kí wọn. Àwọn méjèèjì wà ní pálọ̀, wọ́n wọṣọ dáadáa.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," Atẹ̀wé wí fún ìyàwó rẹ̀, "tí ẹ bá ráyè, ẹ bá mi bu omi."

Télọ̀ pàtẹ́wọ́. "Háà! Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ ìyàwó í tọ́jú! Ọdún mélòó lẹ ti fẹ́ra, tí ẹ ṣì ń fi 'ẹ' bá wọn sọ̀rọ̀? Ọkọ tèmi ìbá wá kẹ́kọ̀ọ́ níbí!"

Nọ́ọ̀sì bá a rẹ́rìn-ín. Ó bu omi náà, ó sì gbé e fún ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà," ló wí.