Àpò Fàdákà Àwọn Obìnrin Ilé-Ìfọṣọ

Ọkùnrin tó ń ra wúrà àti fàdákà kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó tẹ orí síwájú lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀, ó wo ohun tí Ìyá Ṣan-án-dáadáa dà sórí káńtà, ó sì fi igi kékeré kan tì í padà bí ẹni ń ti òkú eku.

"Mi ò ra irin, màmá. Ẹni tó kàn dà?"

Èrò pọ̀ lẹ́yìn wọn, gbogbo wọn ló sì ń kánjú. Ẹni tó mú yẹtí wá fẹ́ tà á kó lè ra oúnjẹ kí iye oúnjẹ tó tún yí padà. Ẹni tó lówó lápò fẹ́ fi í ra wúrà kí owó náà tó di bébà lásán mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ráyè obìnrin mẹ́rin tó ń fọṣọ. Ìyá Ṣan-án-dáadáa kó àwọn ègé fàdákà náà padà sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Lọ́jọ́ tó rà wọ́n, èèyàn lè rí ehín ara rẹ̀ nínú wọn.

Wọn kò tíì jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà tí Rédíò, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fi bẹ̀rẹ̀.

"Ta lo ta fàdákà wa fún?"

Ìyá Ṣan-án-dáadáa dúró. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, "ẹ̀yin" ni Rédíò máa ń pè é, torí pé ó jù ú lọ dáadáa. "Lo" tó sọ yìí dùn ún bí ẹni gbá a létí, kó tó wá gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e.

Ilé-ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá gígùn kan tó wà nísàlẹ̀ ilé, níbi tí ooru ti ń mú ògiri làágùn. Rédíò ló ń ya aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ sọ́tọ̀, ìròyìn kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Ìyá Àgbà ló ń rán èyí tó bá ya. Alọṣọ, tó kéré jù nínú wọn, ló ń fi irin gbígbóná lọ aṣọ. Omi ìkẹyìn ni ti Ìyá Ṣan-án-dáadáa: ohun tó bá fi omi ṣàn, kò ní ní òórùn ọṣẹ, kò ní ní òórùn bílíìṣì, aláìsàn á sùn lé e lórí láìsín. Tí ẹlòmíràn bá bá a ṣe é, á dúró sẹ́yìn onítọ̀hún, á ní, "Ṣan án dáadáa." Orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀fẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn dókítà pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀.

Òun ló mú ọ̀rọ̀ fàdákà wá. Ọṣẹ tí wọ́n ń rà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní iye kan láàárọ̀, iye mìíràn nírọ̀lẹ́. Àwọn èèyàn ńlá ń jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń sọ pé kí aráàlú fọkàn balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkàn tiwọn ti balẹ̀ tipẹ́ sórí wúrà tí wọ́n kó pamọ́. Ìròyìn sì ń jà pé ilé ìwòsàn fẹ́ gbé iṣẹ́ ìfọṣọ fún ilé iṣẹ́ kan tó ní ẹ̀rọ. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinnu pé kí wọ́n tó lé àwọn, àwọn á ti ra ẹ̀rọ ìfọṣọ ti ara àwọn.

"Ṣùgbọ́n owó yìí ń súnkì," Ìyá Ṣan-án-dáadáa ló sọ bẹ́ẹ̀, "bí aṣọ pọ́ọ́kú tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná. Kí a tó kó o jọ tán, kò ní tó ọmọ ọwọ́ wọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ra ohun tí kì í súnkì."

Wọ́n ra òrùka wúrà kan, ó tín-ín-rín bí okùn. Wúrà wọ́n jù, ni wọ́n bá kọjú sí fàdákà. Oṣooṣù ni Ìyá Ṣan-án-dáadáa ń lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ fàdákà kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, ó ń ra ègé tó tó ìka ọwọ́. Nígbà tí fàdákà náà wá gbówó lórí ju agbára wọn lọ, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò tí wọ́n fi yúnífọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù rán, Ìyá Àgbà sì fi òwú pupa dí i lẹ́nu. Wọ́n ń gbé e kiri láàárín ara wọn, oṣù kan lọ́dọ̀ ẹnì kan: Ìyá Àgbà, lẹ́yìn náà Rédíò, lẹ́yìn náà Alọṣọ. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣan-án-dáadáa ló wà nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọjà fàdákà ti yá, tí wọ́n sì gbé e lọ tà. Iwájú gíláàsì ọkùnrin yẹn ni gbogbo wọn ti kọ́kọ́ jọ tú u.

"Ẹ wo òrùka wúrà yẹn," Rédíò ń sọ lójú títì. "Inú àpò kan náà ló wà, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ká ní fàdákà gidi lèyí ni, ṣé kò ní ṣe bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ tó tà á fún mi."

"Ẹni tí ìwọ àtirẹ̀ jọ pín in ńkọ́? Kí ló fẹ́ sọ?"

Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ló wá pa á. Ó dì í lọ́wọ́ mú jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ tó tọ̀ sára sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, sọ òótọ́ fún wa. Tó bá jẹ́ pé ìṣòro ló dé, a máa mọ bí a ṣe máa ṣe é."

Alọṣọ tẹ orí ba. Ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Wọ́n fún un di ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbowó oṣù. Tí fàdákà tòótọ́ kò bá dé, ọ̀rọ̀ á dé etí ọ̀gá. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń kí i bí ẹni ń kí àjèjì. Báàgì wọn tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lórí ìṣó ṣí lọ sórí ìṣó mìíràn. Rédíò ń gbé ọṣẹ rẹ̀ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì ń rí i dájú pé wọ́n rí òun bí òun ṣe ń gbé e. Ìyá Ṣan-án-dáadáa ń ṣan aṣọ, ó sì ń fún un débi pé aṣọ ibùsùn méjì ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sunkún. Inú ń bí i ju ẹkún lọ.

Ọkọ rẹ̀, tí í ṣe púlọ́ńbà, gbìyànjú láti pa á lẹ́rìn-ín.

"Ìwọ wo ló fẹ́ jalè? Ìwọ tí o kò lè parọ́ ọjọ́ orí rẹ pàápàá. Ẹni tó bá mọ̀ ẹ́ kò ní gbà á gbọ́."

"Àwọn tó mọ̀ mí ló ń sọ ọ́," ó dáhùn.

Ọ̀sán Sátidé ni Ìyá Ṣan-án-dáadáa da àpò náà sórí tábìlì, tó sì yí i sódì. Ó wo inú rẹ̀, ó tún gbé e súnmọ́ fèrèsé. Aṣọ búlúù náà ti ṣá ní abala kan, àmì funfun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, irú èyí tó wà lára gbogbo yúnífọ́ọ̀mù tó ti wọ̀ rí. Ó gbé e símú. Bílíìṣì. Ó wo òwú tó ṣẹ́ kù lẹ́nu àpò. Ìránṣọ Ìyá Àgbà máa ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, ṣùgbọ́n òsì ni èyí tẹ̀ sí. Ọlọ́wọ́ òsì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.

Alọṣọ ń ká aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí Ìyá Ṣan-án-dáadáa wọlé tọ̀ ọ́. Ó yára gbé àga fún un.

"Àǹtí mi, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Kí lo fi fọ fàdákà?"

Aṣọ já bọ́ lọ́wọ́ Alọṣọ. Ó gbé e, ó ká a, ó tún tú u ká.

"Mo kàn tú u wò ni. Ó ti ń pa àwọ̀ dà, ó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Mo wá rò ó pé àwa tí à ń fọ aṣọ dókítà funfun báláú, ṣé ìdọ̀tí la máa gbé lọ síwájú àwọn olówó? Mo bu bílíìṣì lé e lórí, mo sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo máa padà débẹ̀, ó ti ń dúdú."

"O wá yọ ọ́."

"Mo rò pé kò tíì tó ni. Mo tún bu sí i."

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, Ìyá Ṣan-án-dáadáa ìbá ti rẹ́rìn-ín títí ìhà á fi dùn ún. Gbogbo ayé wọn ni pé tí nǹkan kò bá mọ́, kí wọ́n tún bu sí i.

"Wọ́n pè mí lólè níwájú rẹ."

"Mo rò pé mo ti ba gbogbo owó wa jẹ́ ni, àǹtí mi. Ẹ̀yin, èèyàn máa ń bẹ̀rù yín. Ẹ lè fara dà á. Tó bá jẹ́ èmi ni, Rédíò á jẹ mí tegungun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Màá máa san owó náà fún yín díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Orúkọ mi ńkọ́? Ṣé díẹ̀díẹ̀ ni wàá san ìyẹn náà?"

Alọṣọ bú sẹ́kún. Ìyá Ṣan-án-dáadáa dúró, ó ń wò ó. Ọmọbìnrin tí òun ti bá pọn ọmọ, tí òun ti bá ṣiṣẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ kò yá nìyí.

"Ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ ọ́," ó sọ. "Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé ayùn irin ọkọ rẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Ó da àpò náà sórí tábìlì tí wọ́n ń ká aṣọ lé, ó fi ọwọ́ kan tẹ ègé kan mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ. Àwọn mẹ́ta yòókù pagbo yí i ká. Dídúdú náà kò jìn ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Eruku funfun ń dà sórí tábìlì. Nígbà tí ègé náà já sí méjì, ó yí ojú rẹ̀ sí wọn. Ó ń kọ mọ̀nà.

"Ẹ wò ó. Ẹ mú èyíkéyìí tó bá wù yín, ẹ rẹ́ ẹ fúnra yín."

Rédíò rẹ́ ọ̀kan. Ó tún rẹ́ ìkejì, nítorí ó ti ṣòro fún un láti jáwọ́. Ìyẹn náà funfun.

"Kí ló wá sọ ọ́ dà báyìí?" Ìyá Àgbà béèrè.

Ìyá Ṣan-án-dáadáa ń fi ọwọ́ gbá eruku fàdákà jọ sójú kan.

"Èmi ni," Alọṣọ sọ ọ́ wẹ́lẹ́. "Bílíìṣì ni mo fi fọ̀ ọ́."

Rédíò ló kọ́kọ́ pariwo ẹ̀rín.

"O ò wá kúkú fi sítáàṣì sí i, kó lè dúró gbọn-in."

"A dúpẹ́ pé kò lọ̀ ọ́," ni Ìyá Àgbà fi kún un, òun náà sì di ìhà mú.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Alọṣọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. Ìyá Àgbà ń gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń ní kó má dààmú, pé ọmọdé náà ló ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pa èèyàn lójú títì, tí wọ́n fi ń gbé báàgì kúrò lórí ìṣó, ó ti di àwàdà nígbà tó kan ẹni tó ni ín. Kò sẹ́ni tó ní kí Alọṣọ mú nǹkan kan wá kí oṣù tó parí.

"Ìyá Ṣan-án-dáadáa, ẹ má bínú," Rédíò sọ bí ẹni tó tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀. "Àwa náà ò kúkú mọ̀." Ó ti dá "ẹ" rẹ̀ padà. Ó wá yíjú sí àwọn yòókù, ó ní ọ̀nà míì wà láti fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rà á.

Ìyá Àgbà ti ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́. Ó dí àpò náà lẹ́nu, ó nà án sí Ìyá Ṣan-án-dáadáa.

"Gbé e padà sílé. Ọwọ́ rẹ ló tọ́ sí."

Ìyá Ṣan-án-dáadáa kò na ọwọ́.

"Ẹ yọ tèmi fún mi."

"Kí lo wí?"

"Ìdá mẹ́rin ni. Ẹ yọ ìdá kan."

"Tó o bá yọ tìẹ, kò ní tó ra ẹ̀rọ mọ́," Ìyá Àgbà sọ.

"Mo mọ̀."

Ẹ̀rín ti tán nínú yàrá náà. Ìyá Àgbà wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó wá fi àlùmọ́gàjí já òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dí àpò náà. Wọ́n ka ègé tirẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó kó wọn sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n wúwo, wọ́n fà á sísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Alọṣọ pè é, "Àǹtí mi," ṣùgbọ́n Ìyá Ṣan-án-dáadáa kọjá lára rẹ̀.

"Kí ló wá ń bí i nínú?" ó gbọ́ Rédíò lẹ́yìn. "Ṣebí a ti ní kì í ṣe olè."

Ó dé ìdí ọpọ́n rẹ̀. Aṣọ ibùsùn àárọ̀ ti kún ún dé ẹnu, ọṣẹ ṣì wà lára wọn. Ó ṣí ẹ̀rọ omi náà pátápátá, títí tí kò fi gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́.