Omi Ni Wọ́n Bèèrè

Àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì Apòmù. Àwọn ọlọ́pàá máa ń gbé igi dínà láàárín wa àti Ìkirè. Owó omi ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa. Òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òùngbẹ wọn kì í tán.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á ní ìwà burúkú ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìṣirò wà nínú ẹ̀. Ọlọ́pàá mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò bi òun léèrè. Awakọ̀ mọ̀ pé bí òun bá kọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn yóò san tiwọn, wọn yóò kọjá, òun nìkan ni yóò sun àtìmọ́lé. Kò sí òmùgọ̀ nínú wa. Olúkúlùkù wa gbọ́n, a sì jọ ń jìyà.

Làmídì, ọ̀rẹ́ mi, ló là wá lọ́yẹ nípàdé. “Ṣebí omi ni wọ́n ní ká fún àwọn? Ẹ jẹ́ ká fún wọn lómi.”

A rẹ́rìn-ín títí. Òun ò rẹ́rìn-ín. “Èmi ni n ó ṣíwájú. Ìyàwó mi wà nínú oyún o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀.”

Lọ́jọ́ ọjà, ó dúró níwájú igi, ó na ife omi sí sájẹ́ǹtì.

“Ẹ kú ìdúró, sà. Omi rèé.”

“Orí ẹ dàrú ni? Páàkì síbẹ̀!”

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ní láti kọ́kọ́ jáde. Èmi ni mo tẹ̀lé e, mo na ife tèmi pẹ̀lú ẹ̀rù. Bí Bàbá Múfú ṣe yà kúrò lórí ìlà nìyẹn, ẹni tó máa ń sáré sanwó jù nínú wa. Mo rò pé ó fẹ́ lọ sanwó ni. Ó wakọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ Làmídì, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì gbé odidi kẹ́ẹ̀gì omi sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀nà dí pátápátá. “Ẹ mumi o, ẹ̀yin ọmọ wa!” làwọn ìyá ọlọ́jà ń ké látinú ọkọ̀. Owó ò wọlé mọ́, bí ọ̀gá àgbà kan bá sì kọjá, sájẹ́ǹtì ni yóò ṣàlàyé ọ̀nà tó dí. Ìṣirò ti yí. Sájẹ́ǹtì gba ife lọ́wọ́ Làmídì, ó mu ún tán.

“Òùngbẹ ń gbẹ mí lóòótọ́,” ló rọra wí. “Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi náà ń retí tiẹ̀.”

Ó gbé igi kúrò. Ilé ni Làmídì sùn, mo sì sunkún ayọ̀.

Kò tọ́jọ́. Wọ́n gbé sájẹ́ǹtì yẹn lọ, wọ́n gbé òmíràn wá, owó omi sì tún bẹ̀rẹ̀. A kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ rí, iṣẹ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀. Làmídì ti ṣaláìsí, àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Láìpẹ́ yìí, mo wọkọ̀ lọ sí Ìkirè. Awakọ̀ ti di owó mọ́wọ́ kí a tó rí ọlọ́pàá. Mo bi í pé, “Ọmọ mi, èé ṣe?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi.”

Mo bojú wẹ̀yìn. Ọkọ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ lẹ́yìn wa, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ti na ọwọ́ síta tòun towó.